Péálì Tí Màmá Ní Kí N Pààrọ̀

Manarii,

Má wá mi kiri. Mo ti wa ọkọ̀ lọ sí oko péálì inú òkun kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ẹyọ kan nínú ìlẹ̀kẹ̀ ọjọ́ ìbí Màmá. Ẹja olómi àgbọn wà lábẹ́ àwo, fún Màmá jẹ kó tó kan. Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa. Àná ó tún fẹ́ dá lọ sétí omi.

Láàárọ̀ yìí mo ní kó bá mi yẹ ìlẹ̀kẹ̀ náà wò, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo erékùṣù yìí tẹ́lẹ̀. Ó gbé e síbi òjìji, ó ń fi péálì náà ra eyín lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ojúlówó.

"Ọmọge, ta lo fẹ́ fún nílẹ̀kẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Màmá mi ni."

Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Ó fìka kan ti àárín.

"Èyí nílà lára. Pààrọ̀ ẹ̀, má fi àlébù ta ìyá ẹ lọ́rẹ." Ó wá mí kanlẹ̀. "Ìyá ẹ mà bímọ o! Èmi ò bí obìnrin."

Ó sú mi, Manarii. Lálẹ́, ìwọ ni kó o so ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́ ọn lọ́rùn. Ìwọ ló ṣì mọ̀ lọ́mọ.

Tehina