Àpá Bàbá Ti Bọ́ sí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kejì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Mo máa ń fi ẹ̀rọ ayùn kékeré gé pákó ṣeré ní gáréèjì mi. Mo fi gé àwòrán bàbá ìyàwó mi tó ti dolóògbé, àmọ́ ẹ̀yìn pákó ni mo ṣèèṣì lẹ bébà àwòrán tí mo ń tẹ̀ lé gé e mọ́. Nígbà tí mo yí i padà, àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wọn ti bọ́ sí ọ̀tún. Kí n tó wí nǹkan kan, ìyàwó mi ti gbé e kọ́ sí pálọ̀, ó ń sunkún ayọ̀.

Lánàá, ìyá rẹ̀ fọwọ́ pa àpá náà, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Àna mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ mọ bàbá yìí ju èmi ìyàwó wọn lọ."

Ṣé wọ́n ń yìn mí ni, àbí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ìyàwó mi ò tíì fura. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un, àbí kí n panu mọ́?