Ìwé Ẹjọ́ Tí Mo Gbé Sórí Pẹpẹ

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Inú ń bí mi sí ìyá ìyàwó Dáre. Àná yìí ló ti Igbótako dé, òun ni ọmọ mi sì fún ní ìwé ẹjọ́ tí ìbátan bàbá rẹ̀ pè é lórí oko ọ̀pẹ wa l'Érinje.

Ó bi mí pé, "Ìyá Dáre, ìgbà wo lẹ gba ìwé yìí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù?"

Mo ní ó ti lé lóṣù kan. Orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbé e sí, kí Ọlọ́run kọ́kọ́ dá a kí adájọ́ tó dá a. Àná ni mo tó mú un fún Dáre.

"Háà! Àdúrà dáa, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù ń ka ọjọ́. Bí Dáre ò bá tètè fèsì, wọ́n lè gba oko náà láìgbọ́ tẹnu rẹ̀."

Dáre sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé, "Mọ́mì, ẹ ṣeun. Bí ẹ ò bá wá ńkọ́?"

Mọ́mì! Nítorí ó ṣe akọ̀wé kọ́ọ̀tù rí! Èmi tí mo bá bàbá rẹ̀ gbin ọ̀pẹ ọ̀hún, kò tilẹ̀ wojú mi. Èmi náà ṣáà jáde girama...

Lọ́yà tí Dáre pè sọ lórí fóònù pé a ṣì lè tọrọ àfikún ọjọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ búra sọ ohun tó fa ìdádúró. Mọ́mì ti ń wá gèlè. Lọ́yà ní rárá, ẹni tó gba ìwé ló máa búra.

Ojú á tì mí lọ́la tí mo bá dárúkọ pẹpẹ. Kò burú. Èmi ni Dáre máa gbé sẹ́yìn ọ̀kadà. Mọ́mì á bá wa ṣọ́lé.