Ásíìdì Inú Bàbá Rẹ

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun lásìkò? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ aburú nípa rẹ. Yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ojú kò ní tì ẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Àmín. Mo ní kí n tètè ṣe àdúrà yìí ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá àdúrà á tún rọrùn lẹ́nu mi.

Inú ń bí mi sí ẹ. Kà á dáadáa, má sọ pé màmá ń ṣeré. Inú ń bí mi sí ẹ, inú ń bí mi sí bàbá rẹ, inú sì ń bí mi sí fóònù tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yìí, torí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ jọ panu pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé tí mi ò pè ẹ́. Mo gbé fóònù náà lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, mo ní kó bá mi tú u, kó yọ gbogbo ohun tí ìwọ àti bàbá rẹ ti ń sọ láti ọdún tó kọjá jáde kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ó ní ọ̀rọ̀ kì í dúró sínú fóònù, pé téèyàn bá ti sọ ọ́ tán, ó ti lọ nìyẹn. Mo bi í pé ibo ló ń lọ. Ó kọjú sí fóònù ẹlòmíì tó ń tún ṣe. Mo gbé fóònù mi, mo bọ́ sílé. Ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì tí kò sì lè bì í, èmi ò lè fọkàn tán an.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Àbúrò rẹ obìnrin ti ríṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, inú rẹ̀ sì dùn síbẹ̀. Òrùlé ilé ìdáná ti ń jò. Ajá ará ilé kejì ti sanra débi pé kò lè gbó mọ́, ó kàn ń mí gúlegúle ni. Ibi ọ̀rọ̀ ajá yẹn gan-an ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí oúnjẹ mi ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ìwọ náà mọ bí bàbá rẹ ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ sílẹ̀. Màá bù ú, yóò tọ́ ọ wò, yóò ní òun ti yó, òun ti jẹ nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, ó ń gbé àwo jáde lọ sẹ́yìnkùlé pé òun fẹ́ gba atẹ́gùn, àwo á sì padà wá ní mímọ́ tónítóní, inú mi á dùn. Àfi bí ìyàwó ilé kejì ṣe rí mi lọ́jọ́ kan tó ń dúpẹ́, tó ń ṣàdúrà fún mi, ó ní irú ìtọ́jú tí mò ń fún ajá wọn, Ọlọ́run á san án fún mi. Mo ní ajá wo?

Láti ìgbà tí mo ti délé bàbá rẹ, kò kọ oúnjẹ mi rí. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọbẹ̀ mi ti sú u. Mo yí òróró padà. Mo dín iyọ̀ kù. Mo fi kún ata. Ṣé o gbọ́? Mo fi kún ata. Ọkùnrin tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti di egbò, èmi ìyàwó rẹ̀ ń lọ ata sí i, torí kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ìgbà tó ṣe, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. O mọ ibẹ̀, àwọn bátìrì mọ́tò tó tò sórí bẹ́ǹṣì bí ọmọ ilé ìwé, wáyà pupa, wáyà dúdú, kẹ́ẹ̀gì ásíìdì nísàlẹ̀, àti òórùn tó máa ń gbá èèyàn lọ́fun. Kò sí níbẹ̀, ó ti gbé bátìrì lọ fún oníbàárà. Mo ní kí n wá àkísà fi nu ìjókòó, mo ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, kí ni mo rí lábẹ́ ẹ̀mú? Oògùn. Oníhóró gígùn, apá kan pupa, apá kejì funfun, ó fi àkísà wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun.

Mo bi ara mi pé irú oògùn wo ni ọkùnrin ń gbé pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀ sínú àpótí irinṣẹ́. Ìdáhùn kò pẹ́ kó tó dé. Ọkùnrin tí kò jẹun nílé, tó ń rù, tó ń fa bẹ́líìtì sínú ihò tuntun, tó tún ń fi oògùn pamọ́, obìnrin ti wà níta tó ń se oúnjẹ fún un, oògùn náà sì ni agbára tó fi ń ṣe ohun tó bá lọ síbẹ̀. Mo tiẹ̀ mọ obìnrin náà. Mo ti pinnu pé ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, tó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ohun tí bàbá rẹ bá sọ. Látọjọ́ náà, tó bá kí mi, ojú ọ̀run ni mò ń wò. Mo mú díẹ̀ nínú oògùn yẹn, mo fi sínú pọ́ọ̀sì mi. Mò ń dúró de ọjọ́ tí màá rí ẹlẹ́rìí.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, mo se ìrẹsì, mo din ẹran, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ní lónìí o, níṣojú mi lo ti máa jẹ ẹ́. Ó bu ẹran sẹ́nu, ó gbé e mì, ó sì dúró. Ó mu omi, omi padà jáde. Itọ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ pàápàá kò lè lọ, ó ń ṣàn sí i láyà. Ó di àyà mú, ojú rẹ̀ pọ́n, kò lè sọ̀rọ̀. Mo pariwo pe ará ilé kejì, ó sáré gbé mọ́tò jáde, ajá rẹ̀ náà fẹ́ bá wa lọ, a tì í sílẹ̀.

Dókítà tó gbà wá, obìnrin ni, kò lè ju ẹgbẹ́ àbúrò rẹ lọ. Ó béèrè pé ṣé oògùn kankan wà tí bàbá ń lò. Mo ní ọjọ́ ti pé. Mo ṣí pọ́ọ̀sì, mo da oògùn náà sórí tábìlì, mo ní kí wọ́n bá mi bi í ohun tó ń fi í ṣe àti ẹni tó ń tìtorí rẹ̀ lò ó. Dókítà yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó ní oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù ni.

Ásíìdì. Ṣé èmi ni kò mọ ásíìdì? Èyí tó ti jẹ gbogbo ṣòkòtò bàbá rẹ lórúnkún, tó jẹ sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù títí ó fi lu! Mo kọjú sí bàbá rẹ lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà, mo ní mo ti sọ fún un tipẹ́ kó yéé gbé ife tíì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì yẹn, ó ti wá mu ún báyìí, ohun tó ń jẹ ṣòkòtò, ṣé ìfun ló máa dá sí? Dókítà ní kí n fara balẹ̀, pé kì í ṣe ti bátìrì. Ó ní gbogbo èèyàn ló ní ti inú tirẹ̀, òun ló ń bá wa lọ oúnjẹ, pé èmi náà ní, òun náà ní. Mo wò ó. Mo sọ fún un pé èmi bí ọmọ, tó bá jẹ́ pé ásíìdì wà nínú mi, ṣé àwọ̀ á pé lára wọn kí wọ́n tó jáde? Nọ́ọ̀sì sá jáde, mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní mi ò wá síbí wá dá wọn lára yá.

Nígbà tí bàbá rẹ ti lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, tó sì ti sọ bó ṣe ń lo oògùn náà, dókítà wá là á yé mi. Ó ní nǹkan bí ilẹ̀kùn wà lẹ́nu àpò oúnjẹ, tó yẹ kó máa pa dé lẹ́yìn tí oúnjẹ bá ti wọlé. Ti bàbá rẹ ti dẹ̀, ásíìdì wá ń gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun, ibẹ̀ kò sì ní àwọ̀ tó lè gbà á. Ó ní oògùn náà dára, oògùn gidi ni, bí bàbá rẹ ṣe ń lò ó ni kò dára. Tí àyà bá ta á, á gbé e mì, tó bá rọlẹ̀, á jáwọ́, tó bá tún le, á kó méjì pọ̀ lé oúnjẹ lórí, á tún wá fi oògùn ìrora tó ń lò fún ẹ̀yìn rẹ̀ tì í, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń bu inú jẹ. Ó ní èyí tó burú jù ni pé tí oúnjẹ bá ti ń há èèyàn lọ́fun, wọn kì í jókòó sílé máa dá oògùn lò sí i, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé e wá kíákíá. Ó béèrè pé ta ló ní kó máa lo oògùn yìí.

Bàbá rẹ wò mí. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ọmọ wa ló ń rà á ránṣẹ́.”

Mo ní ọmọ wo? Bí ọ̀rọ̀ ajá yẹn ṣe rí náà nìyẹn, èmi ni mo máa ń gbọ́ gbẹ̀yìn nínú ilé tèmi. O mọ̀, ọmọ mi. O mọ̀ pé àyà ń ta bàbá rẹ, o mọ̀ pé oúnjẹ ń há a, mo sì ń sọ fún ẹ lórí fóònù pé bàbá rẹ kì í jẹ oúnjẹ mi mọ́, o ní màmá, bóyá ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí!

Wọ́n kun bàbá rẹ lóorun, wọ́n ti rọ́bà tó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu bọ ọ̀fun rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró kí n bá a ya irun rẹ̀ kí wọ́n tó ya fọ́tò, wọ́n ní inú ni àwọn ń yà. Wọ́n yọ ẹran náà. Wọ́n rí egbò, wọ́n rí ibi tí ọ̀nà ti fún pọ̀, wọ́n sì rọra fẹ̀ ẹ́. Mo gba fọ́tò náà lọ́wọ́ wọn, mo ti fi sínú álíbọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó o yà lọ́jọ́ tó o gba ìwé ẹ̀rí. Inú bàbá rẹ dà bí aṣọ tí wọn ò fún omi rẹ̀ dáadáa.

Wọ́n tún bu ẹran ara díẹ̀ níbi egbò náà lọ yẹ̀ wò, bóyá àrùn burúkú yẹn, jẹjẹrẹ, ni. Wọ́n ní ká máa lọ sílé ká lọ retí èsì.

Ọmọ mi, mo retí. O kò bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin láyé, fọ́tò rẹ̀ lo mọ̀. Ẹran ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ó kan búrẹ́dì. Ó kan tíì. A ní ìrònú ni. Nígbà tá a máa gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní a ti pẹ́ jù. Gbogbo ọjọ́ tá à ń retí èsì yẹn, òun ni mò ń rí nínú àga tí bàbá rẹ jókòó sí. Mo wá bi bàbá rẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé kí ló dé tó fi gbé e pamọ́. Ó ní nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní òun rí bí mo ṣe dà lẹ́yìn ìsìnkú yẹn, òun kò sì lè tún gbé irú rẹ̀ síwájú mi.

Mo ní, “Èmi tí mo mọ ojú rẹ̀, èmi lo wá fi pamọ́ fún?”

Ó sunkún. Èmi kò sunkún, inú ló ń bí mi. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé yìí ló ti rí nǹkan yẹn rí, ẹni náà lẹ fi ọwọ́ bò lójú.

Èsì dé. Kì í ṣe àrùn burúkú. Dókítà tún un sọ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀. Ìgbà tí mo dìde, mo fi èébú sin bàbá rẹ délé.

Báyìí, tó bá ti jí láàárọ̀, kó tó fi nǹkan kan kan ẹnu, màá dúró tì í pẹ̀lú ife omi, á gbé hóró kan mì lódindi, á yanu kí n yẹ abẹ́ ahọ́n rẹ̀ wò, a ó sì dúró díẹ̀ kó tó jẹun. Káfíńtà ti fi igi sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbi orí, kí àyà rẹ̀ lè ga. Òun ń sùn dáadáa. Èmi ni mò ń yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ bí ẹrù tí wọn ò dì dáadáa. Dókítà ló máa sọ ìgbà tó máa dín oògùn náà kù tàbí tó máa dá a dúró, kì í ṣe ìwọ, kì í sì í ṣe fóònù. Látòní, tó o bá fẹ́ bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀, àárín tábìlì ni fóònù máa wà, kó máa pariwo, kí gbogbo wa jọ máa gbọ́ ọ.

Fi owó ránṣẹ́ fún ilé ìwòsàn tí a máa padà lọ, kó o sì fi ti òrùlé ilé ìdáná kún un. Má fi oògùn kankan ránṣẹ́. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o wá sílé, kó o jókòó síwájú mi, kó o fi ẹnu ara rẹ sọ ìdí tó o fi ṣe é. Bàbá rẹ ní kí n bá òun kí ẹ. Mi ò kí ẹ fún un.

Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Oúnjẹ kò ní há ìwọ lọ́fun. Ohun tó bá ń ṣe ẹ́, wàá rẹ́ni sọ ọ́ fún, èmi sì ni ẹni náà, ṣé o gbọ́? Lánàá, bàbá rẹ jẹun tán, ó ní kí n tún bu díẹ̀ sí i. Mo gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, mo le ojú koko títí mo fi wọ ilé ìdáná, mo ti ilẹ̀kùn, níbẹ̀ ni mo ti wá sunkún.

Èmi ni ìyá rẹ, tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀.