Sàréè Ìyá Mi Tí Ẹ Gbé Wọ Gbọ̀ngàn

Àdúgbò Pòrògún,
Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọjọ́ kẹwàá, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Gbọ̀ngàn Iṣẹ́ Ọnà àti Ọgbà Àríyọ̀,
Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ PÈPÉLE SÀRÉÈ ÌYÁ MI PADÀ SÁBẸ́ IGI ÀGBÁLÙMỌ̀

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Orúkọ mi ni Ràmọ́tà Yẹ̀kínì, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú yìí. Bàbá mi, Alàgbà Yẹ̀kínì, ló ń tọ́jú ọgbà Olóyè Albert láti ìgbà tí Ọgbà Àríyọ̀ ṣì jẹ́ ilé àdáni, tí ẹnikẹ́ni kì í wọ ibẹ̀ àfi tí wọ́n bá pè é. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni iṣẹ́ kan tí ẹ gbé sí àárín gbọ̀ngàn yín, pèpéle sìmẹ́ńtì tí wọ́n to àfọ́kù àwo sí lára, tí ẹ kọ “Àìlórúkọ” sí nídìí. Ẹ̀yin Ọ̀gá, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Orí sàréè ìyá mi ni ẹ ti ṣí i.

Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dún létí. Ká ní ẹlòmíràn ló kọ ọ́ sí mi, èmi náà ì bá rò pé ó ń wá nǹkan. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Inú ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà yẹn, èyí tí ẹ ti sọ di ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé àti ìlẹ̀kẹ̀ fún àlejò báyìí, ni wọ́n bí mi sí. Tàíbátù ni orúkọ ìyá mi. Òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ ń bomi rin òdòdó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá mi nìkan ni wọ́n gbà síṣẹ́. Nígbà tí ìyá mi kú, òjò ti ba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ jẹ́, ìyẹn ìlú bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ni àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Olóyè Albert, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Olóyè, jáde sínú òjò fúnra wọn. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n nawọ́ sí abẹ́ igi àgbálùmọ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ sàréè rẹ̀ síbẹ̀ torí pé Tàíbátù ló gbin igi náà. Àáfáà Abdulbasit ló kírun sí i lára. Ẹnu ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀. Ta ló máa ń gbàwé àṣẹ kó tó sin ìyàwó rẹ̀ sí ilé tó ń gbé?

Ìyá mi ní àwọn àwo tánganran kan tó kó wá sílé ọkọ, òdòdó búlúù wẹ́wẹ́ ló wà létí wọn. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń gbé láti ọdún dé ọdún, ìgbà Iléyá nìkan ló máa ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Nígbà tí a ṣe fìdáù rẹ̀ tán, bàbá mi kó gbogbo àwo náà jáde, ó ní obìnrin mìíràn kò ní í bu oúnjẹ sínú wọn. Ó fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó po sìmẹ́ńtì, ó mọ pèpéle sórí sàréè náà, ó sì to àfọ́kù àwo sí i lára. Kì í ṣe pé ó fẹ́ dárà. Ó fẹ́ kí àwọn tó ń gé koríko máa rí i ni, kí wọ́n má baà máa tẹ ìyá mi mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í ṣe nǹkan ní jákujàku, ó sì lẹ́wà nígbà tó parí rẹ̀. Ní ti pé ó lẹ́wà, mi ò lè bá yín jiyàn.

Lẹ́yìn ikú Bàbá Olóyè ni àwọn ọmọ wọn fi ilé àti ọgbà náà ta ìlú lọ́rẹ. Ìgbìmọ̀ yín gbà á, ẹ sì ní ẹ kò fẹ́ òkú nínú ọgbà tí àwọn ọmọdé yóò máa wá wò. Kò burú. Àwọn ọmọ Bàbá Olóyè ní kí wọ́n hú òkú àwọn òbí wọn tí wọ́n sin sínú ọgbà náà, wọ́n sì kó wọn lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi dúró síbẹ̀ tí wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀ náà tán. Ó rí bí ohun tó kù nínú ọ̀gá rẹ̀ ṣe wọ inú àpótí kékeré. Kò sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn.

Kò pẹ́ sí i ni òṣìṣẹ́ yín kan ń lọ káàkiri ọgbà, tó ń bèèrè ohun tí ohun kọ̀ọ̀kan jẹ́. Nígbà tó dé abẹ́ igi àgbálùmọ̀, bàbá mi wò ó lójú, ó ní, “Ọ̀ṣọ́ lásán ni. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.”

Irọ́ ni, mo gbà. Ó pa á kí ẹ má baà hú ìyàwó rẹ̀. Kò mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń wá òkú tí ẹ ó kó jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ń wá iṣẹ́ ọnà tí ẹ ó kó wọlé.

Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, bàbá mi máa ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọgbà yín. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu gétì mọ̀ ọ́n, wọn kì í bi í ní tíkẹ́ẹ̀tì. Á jókòó sórí gbòǹgbò igi náà, á ka ìwọ̀nba ohun tó mọ̀ nínú Kùránì, á ṣa ewé kúrò lórí pèpéle, á sì padà sílé. Nígbà tí ọdún tó kọjá ń parí lọ, ó ti ibẹ̀ dé, kò jẹun. Ó ní òun kò rí ìyá mi níbẹ̀ mọ́. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń sọ̀rọ̀, mo ní kó lọ sinmi.

Nínú oṣù Kejìlá ni èmi náà kó àwọn ọmọ kíláàsì mi wá wo ọgbà yín. Ọmọbìnrin tó mú wa káàkiri, Inúmidùn, ṣe dáadáa sí wa; ó mọ orúkọ àwọn òdòdó, ó sì ní sùúrù fún ìbéèrè àwọn ọmọ. Ojú ọ̀nà tí mo ti kọ́ ìrìn ni mo ń tò wọ́n sí. Nígbà tí a dé abẹ́ igi àgbálùmọ̀, koríko tútù ni mo bá níbẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pé kò sí ohun tó wà níbẹ̀ rí. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ rò tí wọ́n fi ní ká wọ inú gbọ̀ngàn.

Ibẹ̀ ló wà. Ẹ gbé e sórí pákó funfun, iná kékeré ń tàn sí i láti òkè, okùn pupa yí i ká. Inúmidùn ní kí àwọn ọmọ wo bí àgbàlagbà tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣe fi àwo tó fọ́ sọ̀rọ̀ nípa ayé tó ti fọ́. Èmi ń wo etí àwo kan báyìí, èyí tó ti sán díẹ̀ kí wọ́n tó fọ́ ọ. Èmi ni mo jù ú sílẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi sì sọ pé àwo èmi ni láti ọjọ́ náà. Inúmidùn wá ní kí a pàtẹ́wọ́ fún oníṣẹ́ ọnà náà. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, torí olùkọ́ wọn ni mí, èmi ni mo sì ti sọ fún wọn nínú bọ́ọ̀sì pé kí wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá sí ọ́fíìsì yín. Kò sẹ́ni tó bú mi, kò sẹ́ni tó lé mi. Ìyáàfin Azeemah tó ń bójú tó àwọn iṣẹ́ ọnà fún mi ní omi, ó gbọ́ mi délẹ̀. Ó ní bàbá mi fúnra rẹ̀ ló sọ pé ọ̀ṣọ́ ni, àti pé nígbà tí wọ́n gbé pèpéle náà, ilẹ̀ lásán ni wọ́n rí. Mo bi í pé kí ni wọ́n retí láti rí. Ó wo ilẹ̀, ó ní kí n mú ẹlẹ́rìí wá.

Bàbá Olóyè ti kú. Àáfáà Abdulbasit ti kú. Mo bẹ Lèmọ́mù Mukhtar, tó wà ní mọ́sálásí wa báyìí, ó sì bá mi wá. Nígbà tó rí àwọn àwo náà, ó mi orí. Ó ní wọn kì í ṣe sàréè Mùsùlùmí lọ́ṣọ̀ọ́ báyẹn, òun kò sì lè fẹnu òun jẹ́rìí sí ohun tí ẹ̀sìn kò fọwọ́ sí. Lójú tiyín, ọ̀ṣọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti sàréè lọ. Lójú Lèmọ́mù, bákan náà. Èyí tó wá dà mí láàmú jù ni ohun tí Ìyáàfin Azeemah rọra sọ fún mi nígbà tí mo ń jáde: tí mo bá rí ẹ̀rí mú wá pé òkú wà lábẹ́ igi yẹn, ìlànà yín ni pé kí ẹ hú u kúrò.

Tí mo bá dákẹ́, ìyá mi kò ní àmì. Tí mo bá sọ̀rọ̀ tí ẹ gbà mí gbọ́, ẹ ó hú u. Ó sú mi, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Mo kọ lẹ́tà yìí nítorí wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè yẹ ìlànà náà sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni káàdì yín dé ilé wa. Ẹ fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọdún kìíní gbọ̀ngàn yín ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí, ẹ sì fẹ́ kí bàbá mi dúró ti iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè dá a lọ́lá. Mo rò pé yóò bínú nígbà tí mo kà á sí i létí. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: “Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án?” Ó ti lọ wò ó nínú gbọ̀ngàn rí láìsọ fún mi, ẹ̀ṣọ́ sì ní kó sún sẹ́yìn okùn. Ó ti ní kí n bá òun lọ aṣọ funfun òun. Ó ti gbà láti jẹ́ oníṣẹ́ ọnà, torí oníṣẹ́ ọnà nìkan ni ẹ ó jẹ́ kó kọjá okùn yẹn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ dá pèpéle náà padà sí ibi tí ẹ ti gbé e. Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ tí Bàbá Olóyè fún un. Tí àwọn àlejò bá fẹ́ wò ó, kí wọ́n wá wò ó lábẹ́ igi, a kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Tí èyí bá ṣòro kó tó di ọjọ́ ayẹyẹ, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n to tábìlì ohun mímu sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ pé ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ sì bá mi yọ “Àìlórúkọ” kúrò nídìí rẹ̀. Ó lórúkọ.

Bí ẹ kò bá lè ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, ó ku ọ̀kan tí kò ní ná yín ní ohunkóhun. Ní ọjọ́ náà, bàbá mi yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò gbé ọwọ́ lé àwọn àwo náà, ẹnu rẹ̀ yóò sì máa mì. Ó lè pẹ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn èèyàn yín kí wọ́n má ṣe pàtẹ́wọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí ń retí èsì yín,

Ràmọ́tà Yẹ̀kínì (Ìyáàfin),
Olùkọ́, ọmọ Tàíbátù.