Ta Ló Ń Gbé Ilé Wa ní Ọjọ́ Kìíní Oṣù Kẹrin?

Janelle, ọmọ mi,

Arlene ìyá rẹ kú ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú ilé yìí. Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ìwọ lo di apá mi mú létí sàréè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ, orí ọjọ́ yẹn ló dúró lé, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ là á sílẹ̀.

Báwo ni ara rẹ, ọkọ rẹ ńkọ́, Òmáhà ńkọ́? Kí Ọlọ́run tó ń rọ òjò sórí àgbàdo má jẹ́ kí ọwọ́ yín gbẹ. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń dùn mí. Àgbàdo ti ga dé orúnkún náà, oṣù Keje ò sì tíì wọlé, nítorí náà mi ò ráhùn. Màlúù pupa bí ìbejì, ọ̀kan kú. Eulalia ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, obìnrin tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa pẹ̀lú Pascual ọkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀, àti ọmọ mẹ́ta, àwọn tó wá láti Guatemálà ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹran. O mọ̀ pé ìwé tèmi kò ju kí n kọ orúkọ mi lọ, oko ni bàbá mi rán mi. Ohun tí mo bá sọ ló ń kọ. Bí kò bá dára lójú rẹ̀, á dá kálámù dúró, á wò mí, mà á ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí a sin ìyá rẹ, Milo Hruska aládùúgbò wa wá bá mi kọ ìwé ìkànìyàn tí ìjọba fi ránṣẹ́. Ìwé náà béèrè pé èèyàn mélòó ni yóò máa gbé ilé yìí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin. Mo ní márùn-ún. Milo ní, Emil, ṣé orí ẹ pé báyìí? Mo kà á fún un: èmi, Arlene, Janelle, àti àwọn àbúrò rẹ, Dwight àti Rodney. Bàtà oko Dwight ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló sọ fún ìjọba pé ọmọ tó lọ síṣẹ́ ti kúrò nílé bàbá rẹ̀? Milo ní òótọ́ ni, òun náà ti kọ àwọn ọmọ òun méjèèjì tó wà ní Tẹ́sáàsì. Ó wá ní, àwọn ará òkè ńkọ́? Mo ní àlejò ni wọ́n. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ń ṣe àlejò.

Ìwé náà tún bi mí bóyá ará Sípéènì ni mí. Mo ní kí Milo kọ ọ́ pé mi ò kọjá ìlú Dẹ́ńfà rí. Wọ́n béèrè ibi tí àwọn bàbá mi ti wá, mo ní láti oko tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ. Milo ní ìyẹn kọ́, ó kọ Bòhímíà, ilẹ̀ òkèèrè tí àwọn bàbá ńlá wa ti ṣí wá. A fi sínú àpò ìwé, a fi ránṣẹ́, mo rò pé ó tán.

Kò tán. Nínú oṣù Karùn-ún, Gladys Benda tó jẹ́ olórí ìlú pè wá jọ sí gbọ̀ngàn, ó ní iye èèyàn tí wọ́n kà kò pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, bí kò bá sì pé, wọn yóò gbé ilé ìwòsàn wa, níbi tí ìyá rẹ ti ń gba abẹ́rẹ́, lọ sí ìlú mìíràn. O mọ Milo, tó ti ń sọ láti ọdún mẹ́wàá pé àwọn àjèjì ti bo ìpínlẹ̀ Nebráskà wa bí èpò, pé kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. Ní ọjọ́ kejì, Milo gbé abọ́ koláṣì, àkàrà òyìnbó dídùn tí ìyàwó rẹ̀ ṣe, ó ń lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò ilé iṣẹ́ ẹran, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí a kà wọ́n. Wọ́n rò pé ó wá lé wọn ni. Gbogbo ilẹ̀kùn tì. Pascual ní ẹ̀gbọ́n òun kan wọnú ọpọ́n ìwẹ̀, ó fi aṣọ bo ara rẹ̀. Milo jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó jẹ koláṣì náà tán, ó wá ń kígbe pé, ẹ jáde o, ẹ pọ̀, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀!

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, akànìyàn dé ilé wa fúnra rẹ̀. Fóònù ló gbé dání. Fóònù náà ni ọ̀gá rẹ̀, nítorí kò lè béèrè ìbéèrè kejì títí fóònù yóò fi gbà fún un. Nígbà tó ní ọ̀dọ̀ ìjọba ní Wáṣíńtìnì ni ìdáhùn mi ń lọ, mo tẹ̀ sún mọ́ fóònù náà, mo kígbe kí wọn, mo ní àgbàdo ń ṣe dáadáa níbí. Ó ní kí n má wulẹ̀ pariwo. Ó béèrè ta ló ń sáré lókè. Kí n tó dáhùn, ìyá Eulalia gbé aṣọ fífọ̀ sọ̀kalẹ̀, ọmọ mẹ́ta tẹ̀lé e. Ọkùnrin náà wo fóònù, ó wo àwọn ọmọ, ó ní, bàbá, ẹ ka òkú kan, ẹ ka mẹ́ta tó ń gbé ibòmíràn, ẹ wá fo mẹ́fà tó ń gun àtẹ̀gùn yín lójoojúmọ́.

Mo ní kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀ lórí Arlene. Ó bẹ̀ mí. Ó ṣàlàyé pé bí ìyá rẹ bá dúró láyé fún ọjọ́ mẹ́rin sí i ni, à bá kà á. Mo ní Arlene kò dúró de ìjọba rí.

Pascual kò fẹ́ kí a kọ wọ́n. Ó ní ìwé tó bá ń béèrè orúkọ òun, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dára. Akànìyàn ní òfin kò gbà kí wọ́n fi han ẹnikẹ́ni. Eulalia kò wò ó, èmi ló kọjú sí, ó ní, bàbá, ṣé ẹ̀yin gbà pé ibí là ń gbé? Kí ni kí n sọ? Ta ló wẹ ìyá rẹ láti Kérésìmesì títí ó fi kú? Mo ní kí akànìyàn kọ gbogbo wọn. (Eulalia dá kálámù dúró níbí. Mo ní kó kọ ọ́.) Nígbà tí akànìyàn dé orí ìran wọn, àpótí ìdáhùn ti àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kí aláwọ̀ funfun tó dé ni ó fi wọ́n sí, nítorí èdè tí wọ́n ń sọ lórí àwọn òkè Guatemálà ti wà ṣáájú èdè Sípéènì. Mo sọ fún Milo nídìí kọfí. Ó gbé ife sílẹ̀. Ó ní, ṣé àwa wá ni àlejò ni? Mo ní kó mu kọfí rẹ̀.

Janelle, mo yọ ìyá rẹ kúrò. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́: ó ti kú, yọ ọ́. Ó wá ku ẹ̀yin mẹ́ta. Ó ní wọ́n ti kà ọ́ ní Òmáhà, pé ìwọ fúnra rẹ lo kọ ara rẹ síbẹ̀, pé kí n kàn sọ pé ẹ kò gbé ibí mọ́. Mo ti sọ ọ́ nípa òkú, mi ò lè sọ ọ́ nípa alààyè. Mo ní kó padà wá ní Ọjọ́bọ̀.

Owó kọ́ ni mo ń tọrọ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀wà sóyà ta. Kí Ọlọ́run dá ilé tí o ń gbé sí, kí o má fi ojú ara rẹ rí ilé tó ṣófo. Nọ́ńbà fóònù akànìyàn náà ni Eulalia kọ sí ìsàlẹ̀. Dwight àti Rodney yóò gbọ́ tìrẹ. Ìwọ ni àkọ́bí. Pè é kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, kí o sọ ibi tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé fún un.

Èmi ni bàbá rẹ,
Emil Vondra