Ẹ Má Rọ Dáre Mọ́

Màámi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọmọ ọmọ lọ́wọ́. Mo kí Bàámi, mo sì kí wọn kú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Bùnmi àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, ìwọ náà kú iṣẹ́ o. Jọ̀ọ́, má fo ibì kankan. Màámi, mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi. Láti Sọ́ńdè tí mo ti pariwo mọ́ yín lórí fóònù ni ẹ kò ti gbé ìpè mi mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde ní gbangba, nínú ìwé ìròyìn ìjọ wa. Bí ẹ ò bá gbọ́ tèmi, àwọn ìyá ìjọ á gbọ́, wọ́n á bá mi bẹ̀ yín. Àwọn náà ní ọmọ ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Mánṣẹ́sítà níbí, ilé tí àwọn òbí ń fi ọmọ wẹ́wẹ́ sí kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Èmi ni mò ń lọ èso fún wọn láago mẹ́wàá àárọ̀. Sìmúdì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, máńgòrò, yọ́gọ́ọ̀tì díẹ̀, kò sí ṣúgà, kò sí oyin, a ó sì lọ̀ ọ́ kúnná títí fọ́nrán máńgòrò ò fi ní ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Èmi náà ni mo kọ́ Bùnmi, tó fi gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀bbò-Ayégúnlé lọ ra bíléńdà, tí ẹ wá ń fi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ṣe é fún Dáre ọmọ mi. Inú mi dùn nígbà yẹn. Mo ní bí mi ò tiẹ̀ sí lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tí mò ń fún ọmọ olọ́mọ, òun náà ń rí i mu.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún kan àbọ̀, kò mu tirẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lè jókòó ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ọmọ á máa dà á sára. Mo máa ń wò wọ́n pé ṣé àwọn wọ̀nyí ò níṣẹ́ ni. Màámi, mi ò ronú o. Mo jókòó sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ọmọ náà sórí itan, mo há ọwọ́ rẹ̀ kan mọ́ abíyá, mo ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, mo da sìmúdì sí i, mo sì fún imú rẹ̀ pọ̀. Mo rọ ọmọ òyìnbó! Bí ẹ ṣe rọ àwa márààrún, bí gbogbo ìyá ní Ọ̀sì, ìlú wa, ṣe ń rọ ọmọ.

Yéè! Ẹ ò gbọ́ igbe tí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ké. Ó já ọmọ náà gbà lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo fẹ́ pa á. Ọmọ ń wúkọ́, sìmúdì ń ti ihò imú rẹ̀ jáde. Àtẹ́lẹwọ́ mi ṣì wà ní kíká bó ṣe wà. Lóòótọ́ ni mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Mo rò pé wọ́n á kí mi ni.

Ọ̀gá wa pè mí. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi, mo ní ìyá mi ni, ọmọ márùn-ún ló sì fi tọ́. Ó wá ya ọ̀fun ọmọ sórí bébà fún mi, ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí. Ó ní ọmọ tí wọ́n tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn tí wọ́n sì dí nímú, ẹnu ni yóò fi mí, ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì lè bá èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní ọmọ lè ti ibẹ̀ kú. Háà! Wọ́n ní kí n lọ máa gbélé ná, àwọn á wò ó bóyá mo tún lè fọwọ́ kan ọmọ.

Ní Sátidé, òjò ń rọ̀ wínníwínní, òtútù ń mú, mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí fídíò tí Bùnmi fi ránṣẹ́, níbi tí ẹ ti ń rọ Dáre ní sìmúdì. Mo ti wò ó tẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo tiẹ̀ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọ̀rẹ́ mi! Mo tún un wò. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀fun rẹ̀ tó ń dún, mo yára dá fídíò náà dúró. Ọmọ mi ni mo fi rẹ́rìn-ín yẹn o.

Ohun tó mú mi pariwo ní Sọ́ńdè nìyẹn. Ẹ ní mo ti di òyìnbó. Ẹ ní ṣebí ọwọ́ yín yìí kan náà ló rọ mí tí mo fi dàgbà débi tí mo ti ń jágbe mọ́ yín, ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Màámi, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ dárí ariwo yẹn jì mí. Mi ò pè yín ní ìyá burúkú láé. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀rù ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní.

Ọ̀gá ti pè mí padà. Mi ò gbọdọ̀ fún ọmọ kankan lóúnjẹ fún ìgbà díẹ̀, èso nìkan ni màá máa gé. Mo gbà.

Lánàá, mo pa ohùn fídíò yẹn, mo tún un wò. Ẹnu Dáre ni mo ti ń wò látẹ̀yìnwá. Lánàá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ há ọ̀kan mọ́ abíyá. Èkejì ń nà, ó ń nà, ìka rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ọ̀dọ̀ ife tó wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló ń nà án sí. Màámi, ọmọ yẹn ò kọ̀ ọ́. Ó fẹ́ mu ún fúnra rẹ̀ ni. Ẹ gbé e jókòó dáadáa, ẹ gbé ife náà fún un, kó dà á sílẹ̀ bó bá wù ú.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín ní Ìlọ́fà, ẹ kí gbogbo ìyá ìjọ. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́, ẹ ó gbé ọmọ Dáre náà jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìpè mi.

Èmi ni Fọlákẹ́, ọmọ yín.