Omi Inú Pálọ̀

Túsìdeè, 4/3/2025
Màmá ká ìró wọn sókè dé orúnkún kí wọ́n tó la pálọ̀ kọjá. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí ẹni ń la odò. Táìsì ilẹ̀ gbẹ táútáú. Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní ṣé n kò rí omi ni. Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Wẹ́sìdeè, 5/3
Omi ti dé orúnkún, wọ́n ní.

Fráìdeè, 7/3
Ooru — iná ò sí láti àná. Láti àárọ̀ ni Màmá ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. Wọ́n ń kí ẹnì kan níbi igun tí tẹlifíṣọ̀n wà: "Ẹ kú ìtukọ̀ o." Wọ́n dákẹ́, bí ẹni ń gbọ́ èsì, wọ́n wá mi orí. Èdè Ìlàjẹ tó jinlẹ̀ ni wọ́n ń sọ lẹ́yìn ìyẹn, èmi gan-an ò gbọ́ ọ tán. Godwin, ọkọ mi, wo igun náà, ó wò mí. "Na who Mama dey greet?" N kò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Peculiar, ọmọ wa, kò jókòó sí pálọ̀ mọ́. Yàrá ló ti ń jẹun.

Màmá ò mu omi. Mo gbé ife dé iwájú wọn, wọ́n ní omi ò ha pọ̀ tó níbí? Tẹ́lẹ̀ náà wọn kì í fẹ́ mu ún — orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò fẹ́ wàhálà àlọbọ̀ ilé ìtọ̀.

Sátidé, 8/3
Rebecca ẹ̀gbọ́n mi (Ṣọ́jà ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, kò mọ̀) dé láti Ekpan pẹ̀lú sutánà lọ́rùn. Màmá pè é ní Táíyé. Táíyé ni ìbejì Màmá, tí òkun gbé lọ ní ìlú wa kí wọ́n tó bí wa. Ṣọ́jà bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní òkú ló ń pe Màmá, pé bó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè òun á gbé wọn lọ sí ilé àdúrà fún ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ, láìmu.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Sọ́ńdè, 9/3
Omi ti dé ìbàdí. Ara Màmá gbóná. Wọ́n di ọwọ́ mi mú — agbára ọ̀hún kì í ṣe ti arúgbó. Wọ́n ní Táíyé ti sún sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ọkọ̀, ó ti fi àyè sílẹ̀.

Mo sáré lọ pe Ameerah, nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì wa. Kò wo igun kankan. Ó wo ètè Màmá tó ti bó, ó fọwọ́ kan iwájú orí wọn, ó ní ìgbà wo ni Màmá tọ̀ gbẹ̀yìn?  Mo wá rántí ti òwúrọ̀: díẹ̀ báyìí, ó pọ́n bí tíì tí kò ní mílíìkì, ó ń rùn. Ameerah ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ṣàdédé ń ṣe ràdàràdà, ẹ má pè é ní ogbó, ẹ má pè é ní ayé. Àìsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ó ní ká gbéra báyìí.

Mo pe Ṣọ́jà. Ó ní bí Màmá bá kú sí ọsibítù, ọrùn mi ni ẹ̀jẹ̀ wọn wà. Godwin gba fóònù. "Sister, abeg, we don enter keke." A ò tíì wọ bàtà.

Mọ́ńdè, 10/3. Ọsibítù, Effurun
Kòkòrò ti wọ inú ìtọ̀ Màmá, omi sì ti tán lára wọn. Wọ́n ti fi dírípù sí wọn lára. Dókítà ní òǹgbẹ kì í tètè hàn sí àgbàlagbà. Ká máa gbé omi fún wọn díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀, ká má dúró kí wọ́n béèrè. Ṣọ́jà rọra bi í bí ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ì bá ṣe rí. Dókítà ní ì bá pa wọ́n. Ṣọ́jà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Tọ́sìdeè, 13/3
Orí wọn ti pé. Wọ́n béèrè Peculiar. Wọ́n béèrè ẹni tó fọ aṣọ àwọn tí kò mọ́.

Mọ́ńdè, 17/3
A ti délé. Gbogbo wa là ń gbé omi fún Màmá, títí kan Peculiar: "Mama, oya drink." Wọn kì í jiyàn.

Lọ́sàn-án mo bi wọ́n bóyá wọ́n rántí. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀. Mo ní dókítà ní àìsàn ló fà á. Wọ́n ní bóyá.

"Ẹ̀rù ò bà mí," wọ́n ní. "Kò sí fọ́tò Táíyé. Ojú rẹ̀ ti parẹ́ lọ́kàn mi tipẹ́. Àìsàn yìí ló dá a padà fún mi. Ife kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé wá, ọkọ̀ rẹ̀ a tún sún sẹ́yìn."

Omi ku ìdajì nínú ife ọwọ́ wọn. Wọ́n bi mí ṣé kí àwọn mu ún tán.

Mo ní ẹ mu ún tán, Màmá.

Wọ́n mu ún tán. Wọ́n kọjú sí igun tẹlifíṣọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú.